Ẹ Ṣí Fáìlì Lálúpọn: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́

Sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Ẹnjiníà Olúṣèyí Abíọ́dún Mákindé,
Ọ́fíìsì Gómìnà, Agodi, Ìbàdàn.

Gómìnà wa,

Awẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé yìí, mo sì ṣí i sílẹ̀ kí tọmọdé tàgbà ìpínlẹ̀ yìí lè bá yín kà á, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló gbé mi dìde: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ilé Ìjọba Ìbàdàn àti nínú igbó Lálúpọn lọ́jọ́ 28 àti ọjọ́ 29 oṣù Keje, ọdún 1966. Ìgbà yẹn ni wọ́n pa olórí orílẹ̀-èdè yìí, Ọ̀gágun Àgbà Johnson Aguiyi-Ironsi, pẹ̀lú ẹni tó gbà á lálejò, Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn. Ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2026 ló pé ọgọ́ta ọdún. Ní gbogbo ọgọ́ta ọdún náà, wọn ò gbé ẹnikẹ́ni dé iwájú adájọ́ lórí ikú àwọn méjèèjì.

Ẹ lè ní kí ló kan ará Awẹ́ nínú ọ̀rọ̀ Lálúpọn. Ẹ dára pọ̀ mọ́ wa nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá yín mọ̀, ẹ ó rí i. Bí ọkọ̀ bá dúró ní Fìdítì, àwọn obìnrin á gbé ọsàn àti ìbẹ́pẹ wá sójú fèrèsé, kálukú á rà, wọ́n á máa mu ún, ọ̀rọ̀ ìṣèlú á sì bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tí kò mọ ara wọn rí. Nígbà tí ọkọ̀ bá fi máa kọjá Mọ́níyà dé Òjóò, tí ẹnì kan bá nawọ́ sí ọ̀nà bárékè Odògbó tó ń jẹ́ orúkọ Fájuyì, ọ̀rọ̀ ti di ti 1966 nìyẹn. Bàbá kan á ní Fájuyì ló dojú kọ àwọn sójà pé àfi kí wọ́n kọ́kọ́ pa òun kí wọ́n tó mú àlejò òun lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ á ní, “Bàbá, ẹ má bínú, Danjuma ti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀.” Ìyá tó gbé agbọ̀n lé itan á ní ọ̀nì tí Ironsi máa ń mú lọ́wọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà kí ìbọn tó ràn án. Awakọ̀ náà ò ní lè pa ẹnu mọ́: gbogbo rẹ̀, lójú tirẹ̀, ti ibi àsè kan nílùú Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fi máa sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ara wọn láṣọ ya.

Mi ò bú ọ̀kankan nínú wọn. Ẹni tí ìjọba ò bá ṣàlàyé fún ló ń ṣàlàyé fún ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ sílẹ̀. Ìdìtẹ̀ 15 oṣù Kìíní 1966 gbẹ̀mí Olórí Ìjọba Abubakar Tafawa Balewa, ó gbẹ̀mí Ahmadu Bello, Sàdáúnà Sókótó, ó sì gbẹ̀mí Ládòkè Akíntọ́lá ní Ìbàdàn wa níbí. Ironsi gorí àlééfà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fi Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, ṣe gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tó di ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, ó kéde Òfin Kẹrìnlélọ́gbọ̀n tó fẹ́ sọ gbogbo ẹkùn di abẹ́ ìjọba kan. Òkè-Ọya fárígá, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ọmọ Ígbò tí wọ́n ń gbé láàárín wọn. Kí ara lè rọ ará ìlú, Ironsi bẹ̀rẹ̀ sí í rin ìlú dé ìlú. Ọjọ́ 28 oṣù Keje ló kan Ìbàdàn, níbi tó ti bá àwọn lọ́balọ́ba sọ̀rọ̀. Fájuyì gbà á sílé.

Lóru ọjọ́ náà, sójà dìde sí ọ̀gá wọn ní bárékè Abẹ́òkúta. Ìròyìn bá tẹlifóònù dé Ìbàdàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Mejọ Theophilus Danjuma ti kó sójà yí Ilé Ìjọba ká. Wọ́n mú olórí ìjọba, wọ́n mú gómìnà, wọ́n gbé wọn gba ọ̀nà Ìwó lọ sí Lálúpọn, wọ́n nà wọ́n, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n. Andrew Nwankwo, ọmọ ogun òfurufú tó jẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Ironsi, rí àyè sá lọ. Ẹnu rẹ̀ la ti gbọ́ púpọ̀ nínú bí ìrìn náà ṣe rí. Ìjọba tuntun ní àwọn sójà ọlọ̀tẹ̀ ló jí olórí ìjọba gbé. Ó di oṣù Kìíní ọdún 1967 kí wọ́n tó jẹ́wọ́ fún ará ìlú pé ó ti kú. Oṣù yẹn náà ni wọ́n sin Ironsi sí Umuahia, tí wọ́n sì sin Fájuyì sí Adó-Èkìtì.

Ibi tí ohun tó dájú mọ nìyẹn. Ohun tó kù jẹ́ ti ẹnu, ẹnu sì pọ̀.

Èyí tí àwa Yorùbá fẹ́ràn jù ni ti gómìnà tí kò ta àlejò rẹ̀. Ó dùn ún gbọ́, ó sì bá ohun tí a mọ̀ nípa ọkùnrin náà mu. Fájuyì kì í ṣe ojo. Ìjọba òyìnbó fún un ní àmì ẹ̀yẹ ní 1951. Ogun Congo tún fún un ní Military Cross, àmì akọni tí wọn kì í fún ẹni tó bá sá pa mọ́. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, a mọ irú ọkùnrin tí wọ́n ń sọ ọ́ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2008, Danjuma sọ fún ìwé ìròyìn pé àsọdùn ni. Lójú tirẹ̀, àwọn sójà tó lọ síbẹ̀ ń wá Fájuyì fúnra rẹ̀, torí wọ́n gbà pé ọwọ́ rẹ̀ wà pẹ̀lú àwọn tó dìtẹ̀ ní oṣù Kìíní.

Ta ni ká gbà gbọ́? Danjuma wà níbẹ̀, a kò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun gan-an ló kó sójà lọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ̀ngbọ̀n kò lè dá ṣe ẹlẹ́rìí kó tún dá ṣe adájọ́. Ó tún yẹ ká rántí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ pọ̀. Ó ṣeé ṣe kí orúkọ Fájuyì wà nínú ohun tí wọ́n ń wá, kí òun náà sì kọ̀ láti yẹra fún àlejò rẹ̀. Kò sí ohun tó ní ẹni tí wọ́n fẹ́ pa kò lè jẹ́ akọni. Àwọn tó lè yanjú rẹ̀ ni àwọn tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lórí àtẹ̀gùn Ilé Ìjọba lówùúrọ̀ yẹn, kò sì sí ìjọba kan tó pè wọ́n jókòó láti sọ ọ́ lábẹ́ ìbúra.

Ìkejì ni ti ọ̀nì. Ẹ wo àwòrán Ironsi, ẹ ó rí ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ tó ní ọ̀nì gbígbẹ lára. Láti bárékè dé ọjà ni wọ́n ti ń sọ pé ayẹta ni, pé ìbọn kò lè ràn án níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nì náà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò ní fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé jagunjagun ń wá ààbò? Bí a bá tilẹ̀ gbà pé wọ́n kọ́kọ́ gba ọ̀nì lọ́wọ́ rẹ̀, a ò tíì mọ ẹni tó ní kí wọ́n gbà á.

Ìkẹta ni ti àsè. Ní alẹ́ 14 oṣù Kìíní 1966, Bùrìgédíà Zakariya Maimalari, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, se àsè nílé rẹ̀ n’Íkòyí. Àwọn ọ̀gá ológun péjọ, Ironsi náà sì wà níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tó dìtẹ̀ ti pa Maimalari. Ironsi wà láàyè. Láti ọjọ́ náà ni àwọn sójà Òkè-Ọya ti ń bi ara wọn pé ibo ló lọ lẹ́yìn àsè, ta ló kìlọ̀ fún un, kí ló dé tí ọwọ́ kò tó o. Àwọn tó gbèjà rẹ̀ ní òun ló kó sójà jọ tó sì paná ìdìtẹ̀ náà l’Ékòó. Ẹni tó wà nínú rẹ̀, ṣé ó máa pa á run? Ìdáhùn wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, ìfura tó jẹ́ pé ibi ayẹyẹ ìgbéyàwó ló ti bẹ̀rẹ̀ dàgbà láàárín oṣù mẹ́fà, ó sì di ara ohun tó gbé sójà wọ Ilé Ìjọba ní Agodi.

Gómìnà wa, ẹ wo bí ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe jọra. Ìwà ẹ̀dá ni gbogbo wọn ń sọ: ìṣàlejò, oògùn, òde aríyá. Ọ̀kankan nínú wọn kò bi wá léèrè ọ̀rọ̀ ìjọba. Ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n kúrò ní Ilé Ìjọba lọ sínú igbó? Ọkọ̀ ta ni wọ́n fi gbé wọn? Ó wà lákọsílẹ̀ pé Yakubu Gowon, tó jẹ́ ọ̀gá òṣìṣẹ́ ológun nígbà náà, bá Danjuma sọ̀rọ̀ lórí fóònù Ilé Ìjọba lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn: lẹ́yìn tí fóònù já, ta ló tún pàṣẹ, ta ni kò gbọ́ràn? Kí ló fà á tí ìjọba fi pa ikú olórí rẹ̀ mọ́ fún oṣù márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ìbéèrè tí ìwé àti ẹ̀rí lè dáhùn nìwọ̀nyí, àwọn ni a kò sì bi ẹnikẹ́ni. A fi ọ̀rọ̀ yàrá dí àyè ọ̀rọ̀ ìjọba.

Mo fẹ́ sọ èyí tó le, kí ẹ má bínú sí mi: ìyìn tí à ń yin Fájuyì pàápàá ti di aṣọ ìbora. Orúkọ rẹ̀ wà lára ọ̀nà n’Íbàdàn. Orúkọ rẹ̀ wà lára ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Iléeṣẹ́ ológun, tí sójà rẹ̀ yìnbọn pa á, fi orúkọ rẹ̀ sọ bárékè Odògbó ní Ìbàdàn, láìsọ fún wa síbẹ̀ ẹni tó pa á. Lọ́dọọdún, bí oṣù Keje bá ń parí lọ, a ó gbé òdòdó, a ó ka oríkì, a ó ní akọni ni, a ó sì padà sílé. Bí a bá ń yin òkú, tí a kò bi apààyàn léèrè ọ̀rọ̀, ta ni ìyìn náà ń ṣe lóore? Ó rọrùn fún gbogbo ìjọba pé kí ikú yìí jẹ́ ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúàbí, torí ẹ̀kọ́ ìwà kì í mú ẹnikẹ́ni wá sí kóòtù.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan nirú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Tógò, tí kò jìnnà sí wa, ló kọ́kọ́ rí i. Lọ́jọ́ 13 oṣù Kìíní 1963, wọ́n pa Ààrẹ Sylvanus Olympio lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Lomé. Nicolas Grunitzky ló gba ipò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Grunitzky yìí jẹ́ arákùnrin ìyàwó Olympio. Ẹ fojú inú wo ohun tí ẹnu ayé fi ìyẹn ṣe! Àna sọ́tùn-ún, àna sósì, òkú láàárín. Ẹ̀yìnkùlé lọ́tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Gbogbo ènìyàn rò pé àwọn ti rí aṣeni. Kò sí ìgbẹ́jọ́ tó ya ọ̀rọ̀ àna kúrò lára ọ̀rọ̀ ìbọn, ìbéèrè náà sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Burkina Faso gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n pa Thomas Sankara lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹwàá 1987, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, Blaise Compaoré, sì jókòó sórí àga rẹ̀. Ọdún gbọọrọ ni àwọn ènìyàn fi ń sọ nípa ọ̀rẹ́ àti ọ̀tẹ̀, nípa ìyàwó Compaoré tó wá láti Ivory Coast, nípa ohun tí wọ́n jọ sọ nígbà tí wọ́n jọ ń jẹun. Lẹ́yìn tí Compaoré sá kúrò nílùú, wọ́n hú òkú Sankara ní 2015, wọ́n ṣí ilé ẹjọ́ ní 2021, nígbà tó sì di ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 2022, wọ́n dá Compaoré lẹ́bi, wọ́n ní ẹ̀wọ̀n gbére ni tirẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ní ilé ẹjọ́ náà mọ ohun tó wà lọ́kàn ọ̀rẹ́ méjì. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́rìí dúró, wọ́n dárúkọ ẹni tó wọ inú ọgbà pẹ̀lú ìbọn. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kò pọ̀ jù fún wọn.

Àpẹẹrẹ kan tún wà tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá: ti John Kennedy ní Amẹ́ríkà. Wọ́n pa á ní oṣù Kọkànlá 1963. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Àgbà Earl Warren fi ìwé tó lé ní ẹgbẹ̀rin ojú ewé síta ní 1964. Ní 1979, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin wọn ní ó ṣeé ṣe kí ẹni tó pa á má dá ṣe é. Ní 1992 wọ́n ṣòfin pé kí wọ́n kó gbogbo fáìlì síta. Síbẹ̀ wọn ò yé sọ nípa obìnrin tí Kennedy bá rìn, nípa ìyàwó ará Rọ́ṣíà tí Lee Harvey Oswald, ẹni tí wọ́n ní ó yìnbọn, fẹ́, nípa ilé ijó tí Jack Ruby, ẹni tó pa Oswald, ní. Àwọn tí kò fẹ́ ìwádìí á ní, “Ṣé ẹ rí i? Wọ́n ṣí fáìlì, ẹnu ò dákẹ́.” Òótọ́ ni, ẹnu ò dákẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, aráyé ò sì ní yé wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ará Amẹ́ríkà tó bá fẹ́ jiyàn lónìí ń di ìwé mú nígbà tó ń jiyàn. Ó lè sọ ojú ewé tó ti rí i. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, ẹni tó bá pariwo jù ló ń borí.

Àwa ará Awẹ́ tún ní ìdí tiwa láti mọ iyì ohun tí a kọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú ilé ti fa ìbọn ńlá sórí Ọ̀yọ́ rí, ọmọ Awẹ́ ló sì wà nídìí rẹ̀. Bákárè ni wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó fẹ́ ìyàwó oníyàwó. Aláàfin Adéyẹmí Kìíní ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá gẹ́gẹ́ bí ìṣe ààfin. Captain Bower, Rẹ́sídẹ́ǹtì ní Ìbàdàn, gbé e bí ẹjọ́, ààfin kò gbà fún un, ìjà sì le títí tó fi di ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá 1895, tí ìbọn ńlá Bower ń dún sórí ìlú. Àlùfáà Samuel Johnson wà ní Ọ̀yọ́ nígbà náà, ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé ìtàn rẹ̀. Àwọn òyìnbó kọ tiwọn. Ìdí nìyẹn tí a fi lè sọ lónìí pé ọ̀rọ̀ obìnrin ló tanná ràn án, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ agbára, ta ló ni àṣẹ láàárín ọba àti òyìnbó, ló jẹ́ kó jó. A ya ìdí ilé kúrò lára ìdí ìjọba nítorí pé ìwé wà. Ó yẹ kó tì wá lójú pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1895 yé wa ju ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1966, nígbà tí fóònù, káméra àti rédíò ti wà.

Ẹ lè wá ní, “Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi? Ọ̀rọ̀ Abuja ni.” Abuja ti gbìyànjú. Ààrẹ Ọbásanjọ́ gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Chukwudifu Oputa kalẹ̀ ní 1999, wọ́n sì ní kó wẹ̀yìn dé oṣù Kìíní 1966. Wọ́n fi àbọ̀ iṣẹ́ wọn jẹ́ ìjọba ní 2002, ìjọba kò sì tẹ̀ ẹ́ síta. Nígbà tó di 2003, nínú ẹjọ́ Gàní Fawẹ́hìnmi àti Babangida, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé lábẹ́ òfin 1999, ìjọba àpapọ̀ kò ní agbára láti gbé irú ìgbìmọ̀ olùwádìí bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni agbára yẹn wà fún ilẹ̀ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìdájọ́ yẹn ló pa ọ̀rọ̀ náà. Èmi ní òun ló gbé e lé yín lọ́wọ́. Ilẹ̀ ta ni Agodi wà? Ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú tí Lálúpọn wà, ìpínlẹ̀ ta ni? Kò sí gómìnà mìíràn lórílẹ̀-èdè yìí tí òfin fún ní àyè láti ṣe ohun tí mò ń bẹ̀ yín sí. Ẹ sì ti ṣe irú rẹ̀ rí: lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS ní 2020, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbé ìgbìmọ̀ adájọ́ jókòó, ará ìlú wá, wọ́n sì sọ ohun tí ọlọ́pàá fojú wọn rí.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún yín. Àwọn kan á ní ẹ má tú egbò tó ti jinná. Egbò wo ló ti jinná? Ọmọ Ígbò tí wọ́n pa bàbá rẹ̀ ní bárékè lọ́dún yẹn, ṣé ó ti jinná lára rẹ̀? Ọmọ Òkè-Ọya tó sọ pé ẹ̀san Sàdáúnà ni, ṣé ó ti jinná lára òun náà? Ìdákẹ́jẹ́ kọ́ ni ìwòsàn. Ẹ tún rántí pé kì í ṣe àwọn èèyàn ńlá méjì nìkan ló kú. Ìdìtẹ̀ oṣù Keje gbẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ológun àti sójà kékeré tí kò sí òpópónà tó ń jẹ́ orúkọ wọn. Bí ìwádìí bá ṣí, orúkọ tiwọn náà ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde.

Àwọn mìíràn á ní àwọn tó ṣe é ti kú tán. Ó kù díẹ̀ kí ìyẹn jẹ́ òótọ́, ìdí tí mo fi ń kán yín lójú nìyẹn. Murtala Muhammed, tí gbogbo ìwé ìtàn kà mọ́ aṣíwájú ìdìtẹ̀ oṣù Keje, sójà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló pa òun náà l’Ékòó lọ́jọ́ 13 oṣù Kejì 1976. Wọ́n gbẹ́jọ́ àwọn tó pa á ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n yìnbọn pa wọ́n láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta, Buka Suka Dimka, aṣíwájú wọn, sì wà nínú wọn. Wọ́n ní Gowon mọ̀ nípa rẹ̀, Gowon ní òun ò mọ̀, ìjọba Shagari sì dárí jì í ní 1981. Ẹjọ́ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n torí pé ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti dá a, wọ́n ṣì ń jiyàn nípa ta ni ẹbí ta, ta ni ará ìlú ta. Ohun tí ìkọ̀kọ̀ máa ń bí nìyẹn. Nígbà tó sì di ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá 2001, wọ́n yìnbọn pa Bọ́lá Ìgè, mínísítà ìdájọ́, nínú yàrá rẹ̀ ní Bódìjà. Ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ lọ jẹun. A tún padà sídìí ọ̀rọ̀ ilé: ta ló ṣílẹ̀kùn, ta ló jẹ kí ni, bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ìbàdàn ti mọ bí wọ́n ṣe ń sin èèyàn ńlá láìmọ ẹni tó pa á. Bí àṣà kò bá dópin, ọmọ wa ló máa jogún rẹ̀.

Ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, kí adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ṣe alága ìgbìmọ̀ náà, kí onímọ̀ ìtàn kan láti Yunifásítì Ìbàdàn, kí ọmọ Ígbò kan àti ọmọ Òkè-Ọya kan sì wà nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè ní Yorùbá ń dá ẹjọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sí Lálúpọn. Àwọn àgbà tó jẹ́ ọmọdé lọ́jọ́ yẹn lè mọ ohun tí àwọn bàbá wọn rí lọ́nà oko, kò sì sí ẹni tó pè wọ́n rí ju oníròyìn lọ. Kí ìgbìmọ̀ náà kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ológun fún àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011. Bí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n kọ̀ lórí ìwé, kí a sì tẹ ìwé náà síta. Kí wọ́n ránṣẹ́ sí gbogbo ọ̀gá ológun ìgbà náà tó ṣì wà láàyè. Tí ẹnikẹ́ni bá yàn láti má wá, kí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ó yàn láti má wá.

Kí àlà sì wà. Ohun tí Fájuyì bá ìyàwó rẹ̀ sọ, ohun tí Ironsi gbà gbọ́ nípa ọ̀nì rẹ̀, ti ẹbí wọn ni. Ìgbìmọ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ àfi bí ẹbí bá fúnra wọn gbé e wá. Àwọn ọmọ wọn ti gbọ́ ìsọkúsọ tó. Àṣẹ, ọkọ̀, ìbọn, fóònù àti oṣù tí ìjọba fi dákẹ́ ni kí wọ́n wádìí. Ẹ̀rí tó bá jáde, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, ní Ígbò, ní Haúsá àti ní èdè òyìnbó, kí wọ́n sì kó ẹ̀dà rẹ̀ sí ilé àkọsílẹ̀ ìjọba tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ọmọ iléèwé láti Ìlọrà tàbí láti Kánò ti lè béèrè fún un láìmọ ẹnikẹ́ni.

Bí ìgbìmọ̀ náà bá jókòó, ó ṣeé ṣe kí a gbọ́ pé Fájuyì ṣe gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ. Ó tún ṣeé ṣe kí a gbọ́ ohun tí kò dùn mọ́ wa. Mo ti múra sí èyíkéyìí, mo sì gbà pé ọ̀pọ̀ ará ìpínlẹ̀ yìí ti múra sí i. Ẹni tó bá jẹ́ akọni kò ní pàdánù iyì akọni rẹ̀ lọ́wọ́ ìwádìí. Iyì tí a fi fún un láìwádìí ni ẹnu Danjuma lásán lè mì.

Ìjókòó yín lórí àga gómìnà yóò parí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2027. Ẹ ti ṣe ọ̀nà, ẹ ti ṣe iléèwé. Ẹ fi èyí kún un kí ẹ tó lọ. Ìwé tí ẹ máa fọwọ́ sí kò ju ojú ewé kan lọ. Tí ẹ bá ní ìdí tí kò fi ṣeé ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ìdí náà fún wa ní gbangba gẹ́gẹ́ bí èmi náà ṣe bẹ̀ yín ní gbangba. À ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ Awẹ́ kan,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Afijió, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.